Àgbá Ewé Gúáfà

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Mo ti di ìyàwó ilé! Ó ti lé lóṣù kan, síbẹ̀ bí mo bá jí tí mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ni mo fi ń bọ́jú. Òjò dá ní ìyálẹ̀ta, a sì lọ já ewé gúáfà lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa. Èmi wà lórí igi, ọkọ mi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àpò, ó ń pariwo pé, "Sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó mi, kí n má lọ máa ṣàlàyé fún bàbá rẹ!" Mo ní kó mú àpò rẹ̀ dáadáa, ẹni tó fẹ́yàwó ọ̀bọ ni yóò máa ṣa èso.

Mo ti mọ iṣẹ́ epo ọkọ mi débi pé mo lè là á yé ẹlòmíì. Ìyá ọkọ mi bi mí lónìí pé kí la fẹ́ fi ewé ṣe nínú epo, èmi ni mo dá wọn lóhùn, ọkọ mi ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Mo ní, "Ìyá, òróró àlòkù táwọn ilé oúnjẹ ń dà nù la fi ń ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Ó ń jó geere nínú ẹ̀rọ. Àmọ́ bó bá pẹ́ nípamọ́, atẹ́gùn á bà á jẹ́. Á kan, á ki, á so bí àtè, á dí asẹ́ ẹ̀rọ pa. Agbára tó wà nínú ewé gúáfà ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn rí i gbé ṣe." Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Mo ní a ó sá ewé náà síbòòji, a ó gún un, a ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, a ó sẹ́ ẹ, ohun dúdú tó bá kù lẹ́yìn tí sípíríìtì bá ti fẹ́ lọ la ó rò mọ́ epo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ mi fi atalẹ̀ àti ewé tíì náà dánwò nínú ìgò. Gúáfà ló pegedé.

Bí Nọ́ọ̀sì Àgbà ilé ìwòsàn bá gbà á, àwa la ó máa gbé epo jẹnẹrétọ̀ wọn títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ epo ò bá lè gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn kọjá. Bí wọn ò bá gbà á, ọkọ mi á lọ sílùú òkèèrè lọ máa tún ọkọ̀ àjàgbé ṣe fún ọ̀gá kan tó ti ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni yóò máa wálé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù! Mi ò tíì mọ̀ bó ṣe ń hanrun tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá mi wá kí wa! Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi tú nǹkan kan nínú aṣọ ìnujú: táàpù idẹ, ó ń dán gbinrin. "Púlọ́ńbà ni mí," ni wọ́n wí. "Mi ò ní aṣọ olówó iyebíye. Ohun tọ́wọ́ mi mọ̀ nìyí. Ẹ fi sí ibi tó bá wù yín."

Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó mà rẹwà jù."

"Kí ló rẹwà jù? Ọmọ tí mo fún ọ ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa wá. Mo ní lára àgbá ewé gúáfà ni táàpù yẹn ń lọ, nítorí òun ni àgbà nínú àwọn àgbá mẹ́ta tó wà ní ìsọ̀. Èkejì jẹ́ ti atalẹ̀, ẹ̀kẹta ò ní nǹkan kan nínú, kí a lè mọ ìyàtọ̀. Ọkọ mi ní ṣé kò ní dáa ká fi sí ilé ìwẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò á ti máa rí i. Mo faraya. Ṣé ilé ìwẹ̀ ni ẹ̀bùn bàbá mi tọ́ sí? Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú sípánà. Bàbá fọwọ́ ara wọn yọ táàpù oníke, wọ́n so tiwọn, wọ́n pe àwọn tó ń kọjá lójú títì pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Mo jó yí àgbá náà ká. Mo jó títí gèlè fi bọ́ lórí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo bá ọkọ mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Àgbà kì í rẹ́rìn-ín kiri. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé epo yìí á pẹ́? Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o." Ọkọ mi ní ìdánwò tóun ṣe fi hàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba kẹ́ẹ̀gì kan lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n fi wò ó.

Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, kò ní bàjẹ́ láé! Táàpù idẹ gidi ni bàbá mi fi ti ẹnu àgbá náà, púlọ́ńbà tó mọṣẹ́. Bó bá bàjẹ́, ẹ má pè mí ní ìyàwó ọkùnrin yìí mọ́!" Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó tò sórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Iná ìfẹ́ ṣì ń jó." Mo ní ó ń jó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ló ń sun.

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Sípíríìtì ti tún gbówó lórí, àwọn ọlọ́jà ní ọ̀nà ló bàjẹ́. Òjò ò dáwọ́ dúró. Òórùn gúáfà ti wọ ìrọ̀rí wa. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo sọ lórúkọ Adúmáadán nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán, ní bí òun bá pa ojú dé, òun ò mọ̀ bóyá ewúrẹ́ ló ń bọ̀ àbí ìyàwó. Lẹ́nu mi, "ẹ" ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ta ni yóò rí i? Bákan náà ni mo ṣe ń ṣe fún ọkọ mi: "ẹ" níwájú Ìyá, "o" nínú yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ọkọ mi yẹ epo wò lónìí. Ó máa ń kán omi oògùn kan sínú epo díẹ̀ títí yóò fi pọ́n fẹ́rẹ́. Bí epo bá ti kan tó ni ẹ̀kán ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀kán tí àgbá gúáfà gbà pọ̀ ju ti atalẹ̀ lọ. Ó pọ̀ ju ti àgbá tí a ò fi nǹkan kan sí pàápàá! Mo ní bóyá ó ṣì í kà. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó fọ ìgò, ó nù ún, ó sì jókòó ti àgbá náà, ó ń wò ó.

Ó ku díẹ̀ kí n béèrè bóyá ó yẹ ká gba kẹ́ẹ̀gì tí a gbé fún Nọ́ọ̀sì Àgbà lánàá padà. Inú àgbá yẹn la ti fà á. Mi ò béèrè. Mo rántí ohun tí mo sọ níbẹ̀, ojú ń tì mí láti padà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ó ti ṣẹlẹ̀. Iná ìjọba lọ láàárọ̀, wọ́n da epo wa sí jẹnẹrétọ̀, ó jó díẹ̀, ó wúkọ́, ó kú. Nígbà tí ọkọ mi yọ asẹ́ rẹ̀, àtè pupa ló kún un. Wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú yìnyín, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bóyá wọ́n rí i gbà là, bóyá wọn ò rí i gbà là. Wọ́n ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa lọ sílé. Nínú òjò. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Èmi ni mo gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé ọkọ mi, nítorí náà gbogbo wọn ló rí mi. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó sọ̀rọ̀ iná ìfẹ́ níjọ́sí, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Ìyàwó Kò-ní-bàjẹ́-láé." Kò tilẹ̀ pariwo. Ó fi aṣọ bo orí ọmọ rẹ̀, ó sì wọ inú òjò lọ.

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ọ̀sì Àgbà rí abẹ́rẹ́ wọn gbà là, ọpẹ́ ni. Àmọ́ wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn máa bá ilé epo sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ àjàgbé náà tún pè. Ọkọ mi bọ́ síta láti dá a lóhùn.

Nígbà tí a ń jẹun, ó sọ fún gbogbo ilé pé, "Èmi ni mo ṣìṣe. Ewé yẹn ò ṣe é gbára lé."

Adúmáadán ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó kù wẹ ọmọ. Epo kọ̀ ọ́, bóyá ara á gbà á."

"Dákẹ́," ni Ìyá wí. Wọ́n wá ní, "Ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan." Wọn ò wo ẹnì kankan, àmọ́ mo mọ ẹni tó ni itan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkọ mi ò gbé ojú sókè. Ọkùnrin tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹ ewé wò ní ewé ò dára, bí ẹni pé ẹlòmíì ló yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ẹnu tí mo fẹ́ fi gbèjà rẹ̀ ni mo fi kó o sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkọ mi lọ wá iṣẹ́ ojúmọ́, mo wọ ìsọ̀ lọ gbálẹ̀. Mo rí i pé táàpù bàbá mi ò sí lára àgbá mọ́. Oníke àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn àpò ewé, mo rí ìgò méjì. Epo gúáfà wà nínú méjèèjì. Èkíní mọ́ bí oyin tuntun. Nọ́ọ̀tì idẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di bóòtù, wà nísàlẹ̀ èkejì, nǹkan aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ ọn lára, epo tó bò ó ti ṣú, ó ti ki. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi dé. Mo na ìgò náà sí i.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ó yọ fìlà. "Mo fura láti ọjọ́ tí Bàbá so ó. Mo ti gbọ́ pé idẹ àti bàbà máa ń mú kí epo wa tètè kan. Mo ní táàpù kékeré kan, kí ló fẹ́ ṣe?"

"O ò sì sọ̀rọ̀!"

"Kí n sọ kí ni? Ìgbà àkọ́kọ́ tí àna mi wá kí mi, kí n dá ẹ̀bùn wọn padà? Ìwọ náà ń jó."

"Nígbà tó wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"O ti sọ fún gbogbo ilé ìwòsàn ẹni tó ni táàpù. Bí mo bá ní táàpù ni, orúkọ Bàbá ni wọ́n á máa pè káàkiri. Ilé ìwòsàn yẹn ṣì ń pè wọ́n fún iṣẹ́ púlọ́ńbà." Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. "Ó sàn kí wọ́n máa fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. Ewé ò lójú tó lè tì í."

Mo sunkún débi pé Ìyá kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi fà mí lọ sí yàrá, ó fi kẹ́ẹ̀gì méjì hàn mí lábẹ́ ibùsùn, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí àgbá kún. Epo gúáfà kan náà, kò fojú kan idẹ rí. Mo ń sùn lé e lórí! Ó ní òun yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, ẹ̀kán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí a ṣe é. Ojú rẹ̀ tàn bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ewé náà dára. Ọkọ mi ò ṣìṣe. Kí ni mo fẹ́ fi inú dídùn yìí ṣe?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ bá bàbá mi nílé. Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ sọ fún wọn fúnra mi, wọ́n á ní kí n lọ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bàbá mi aláwàdà! Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, táàpù yẹn dára, àmọ́ òun àti epo wa ò bára wọn rẹ́."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Idẹ tí mo ti ń so láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọkọ rẹ? Ilé wo ló wà nínú àdúgbò yìí tí mi ò so ó sí? Ta ló wá bá mi wí pé ó ba nǹkan jẹ́?"

"Omi kọ́ ni, Bàbá. Epo yìí ni idẹ ń bá jà."

"Ọkọ rẹ ló rán ọ?"

"Rárá o. Òun ló ní kí n má sọ."

"Ó gbọ́n jù ọ́ lọ." Wọ́n dìde. "Máa lọ ilé rẹ."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò gbá a. Wọ́n rọra tì í, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tì í mọ́ àlejò tí kò mọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ti ń ré kọjá láti kékeré, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ọwọ́ sí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Lánàá, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń bi ọ̀gá ọlọ́kọ̀ àjàgbé pé ṣé ibùsùn wà fún òṣìṣẹ́. Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ yìí, nígbà tó jáde, mo fa kẹ́ẹ̀gì kan yọ lábẹ́ ibùsùn, mo mú ìgò méjèèjì, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Bẹ́ńṣì kún. Ó kún ju ti ìjọ́sí lọ.

"Ìyàwó Kò-ní-bàjẹ́-láé!" ni ẹnì kan pè. "Kí lẹ tún gbé wá? Ṣé ẹ fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀ kejì ni?"

Mo rò pé Nọ́ọ̀sì Àgbà á pè mí wọ yàrá. Wọn ò pè mí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Sọ ọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ lo ti sọ ti àkọ́kọ́."

Mo sọ ọ́. Mo ní ewé náà dára, ọkọ mi mọṣẹ́. Mo ní bàbá mi fún wa ní táàpù kí a fi sí ibi tó bá wù wá. Ọkọ mi ní ká fi sí ilé ìwẹ̀, èmi ni mo yarí pé àfi lára àgbá epo, kí n lè máa fi yangàn. Mo ní idẹ náà ló bà á jẹ́. Mo gbé ìgò méjèèjì sókè kí wọ́n rí i. "Èmi ni mo fà á," ni mo wí. "Ẹ̀yin tí ẹ gba inú òjò lọ pẹ̀lú ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú sí ọkọ mi àti bàbá mi. Èmi ni kí ẹ bínú sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin ìjọ́sí yẹn wo ìgò títí, ó wá ní, "Ṣé nítorí táàpù ilé ìwẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ lu ibi tó ṣófo. "Jókòó kó o tó ṣubú."

Nọ́ọ̀sì Àgbà gba kẹ́ẹ̀gì náà. "Èmi ò gba ìbúra lọ́wọ́ rẹ mọ́," ni wọ́n wí. "Jẹnẹrétọ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kan ti ń pariwo níbí, ó tó." Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá bẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú mi ń gbóná bí ìdí ìkòkò.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó dé. Ó bínú. A kò bínú síra wa rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo kàn ń ka ewé. Nígbà tó yá, ó jókòó tì mí, ó bá mi kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Iná ò wá láti ọjọ́ Ajé. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ń jó. Ọkọ mi yọ asẹ́ wò lónìí níwájú Nọ́ọ̀sì Àgbà: ó mọ́. Wọ́n ní kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì kejì wá, kí ó sì ṣe àgbá tuntun fún òjò tó kù. Ó pe ọ̀gá ọlọ́kọ̀ àjàgbé níwájú mi, ó ní kó má dúró de òun mọ́.

Ó yẹ kí n jó. Adúmáadán pàápàá ń wò mí bóyá mo fẹ́ jó. Mo lọ sínú yàrá, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo pariwo síbẹ̀. Bàbá mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ

Òjò dá díẹ̀. Bàbá mi wá láìránṣẹ́. Wọ́n kí Ìyá, wọ́n kí ọkọ mi. Ìkíni mi, ọwọ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní kí ọkọ mi mú àwọn dé ìsọ̀.

Mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ń béèrè nǹkan, ohùn wọn rẹlẹ̀. Kí ló dé tí idẹ ò bá omi jà? Irin ńkọ́? Ṣé ike nìkan ni epo yìí gbà? Ọkọ mi ń fèsì bí ẹni ń ka ìwé fún olùkọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá", "Rárá, Bàbá". Ó fi bí wọ́n ṣe ń kán oògùn hàn wọ́n. Mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Ó pọ́n!" bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo gba àpò irinṣẹ́ wọn, mo sìn wọ́n dé ojú títì. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo lọ gbé e sórí ara rẹ níwájú àwọn obìnrin yẹn," ni wọ́n wí nígbà tó yá.

"Èmi náà ni mo fà á, Bàbá."

"Èmi ni mo pe gbogbo àdúgbò wá wò ó." Wọ́n ń wo ọ̀nà, wọn ò wò mí. "Ojú ló tì mí níjọ́ tí mo ní kí o máa lọ. Kì í ṣe ìbínú. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ sá sí nínú ilé ara mi ni."

Mo ní, "Èmi náà, Bàbá. Títí di ìsinsìnyí."

Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n sì dúró tì mí. Ọkọ̀ méjì tó lè gbé wọn délé kọjá. Wọn ò nawọ́ sí ìkankan.